Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ó ti jẹ́ pé ibi tí ènìyàn ń sùn kì í sábà jẹ́ ibi tí ó ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Inú ìlú ni ilé àgbẹ̀ wà, ẹ̀yìn odi ni oko rẹ̀. Bí oko náà bá jẹ́ oko etílé, àgbẹ̀ yóò jí ní kùtùkùtù, yóò gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, yóò mú àdá lọ́wọ́, yóò sì padà sọ́dọ̀ aya àti ọmọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ oko ẹgàn, kì í dán ìrìn àlọ-àbọ̀ òòjọ́ wò. Yóò kọ́ ahéré síbẹ̀, yóò máa sùn níbẹ̀, ó sì lè di ọjọ́ ọdún kí ojú rẹ̀ tó kan ilé. Àwọn àgbà ìgbà náà mọ̀ pé ọ̀nà jíjìn a máa jẹ nínú agbára ènìyàn, a sì máa jẹ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi ń ro ti ọ̀nà mọ́ ti oko.

Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ó wà nílẹ̀ ní ìlú Èkó lónìí, àfi pé oko ti di ọ́fíìsì, ọjà àti ilé-iṣẹ́, àwọn tí ń rìn ín kì í sì í ṣe ọgọ́rùn-ún tàbí igba bí kò ṣe àìmọye ọ̀kẹ́. Erékùṣù ni Èkó ti bẹ̀rẹ̀. Omi ọ̀sà yí i ká. Ibẹ̀ ni ààfin ọba wà, ibẹ̀ ni ìjọba fi ṣe ibùjókòó, ibẹ̀ ni àwọn ilé ìfowópamọ́ ńláńlá pọ̀ sí, ibẹ̀ náà sì ni ọjà Ìdúmọ̀tà àti ọjà Balógun wà. Nígbà tí a ka ènìyàn ní ọdún 1952, àwọn ará Èkó jẹ́ nǹkan bí 267,000. Ní ọdún 1963, wọ́n ti lé ní 660,000. Nígbà tí ó di ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn 9,113,605 ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà kọ̀ jálẹ̀, ó ní àwọn tí òun kà ju mílíọ̀nù 17 lọ. Lóòótọ́, ìlú nìkan ni a kà ní ìṣáájú, gbogbo ìpínlẹ̀ ni a sì kà ní ìkẹyìn. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè jiyàn pé èrò kò ya wọ Èkó bí omi òjò. Erékùṣù kò lè gba gbogbo wọn. Wọ́n tẹ̀dó sí Yábàá àti Múṣin, wọ́n dé Agége àti Àlímọ̀ṣọ́, wọ́n tàn dé Ìkòròdú, títí ilé wọn fi wọ ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ilé ń sún síwájú lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ iṣẹ́ dúró sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó ro ti ọ̀nà rárá. Ní ọdún 1901 ni a ṣí afárá tí a fi orúkọ Gómìnà Carter pè, èyí tí ó so erékùṣù mọ́ Ìdó. Ọdún náà gan-an ni rélùwéè tí ó gbéra ní Èkó dé Ìbàdàn. Ní ọdún 1902, ọkọ̀ kékeré kan tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí irin láti Ìdó, ó ń gba orí afárá náà wọ inú erékùṣù. Ní ọdún 1933 ni a pa iṣẹ́ rẹ̀ tì. Bẹ́ẹ̀ ni Èkó ṣe ní ọkọ̀ ojú irin ti inú ìgboro nígbà tí èrò rẹ̀ kò tíì pọ̀, tí ó sì jẹ́ pé nígbà tí èrò dé, ọkọ̀ kò sí mọ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1955 tún kọ́ni lọ́gbọ́n. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé kan láàárín erékùṣù, wọ́n ní wọ́n fún mọ́ra jù, wọ́n sì kún fún ẹ̀gbin. A kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gbé ibẹ̀ lọ sí ilé titun ní Sùúrùlérè. Àwọn ilé náà dára, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí wọn, ọ̀nà àárín wọn sì gún régé. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ti ń ta ọjà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ láti ìgbà èwe rí i pé gbogbo oníbàárà òun ti kù sí òdì kejì omi. Oníṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ń san kọ́bọ̀ tẹ́lẹ̀ kí ó tó dé ìdí ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ọkọ̀ lówùúrọ̀, ó ń san án nírọ̀lẹ́, owó ọkọ̀ sì ń jẹ èrè. Àwọn mìíràn pa òwò wọn tì. Èyí fi hàn pé kì í ṣe ògiri àti òrùlé nìkan ni à ń pè ní ilé. Ọ̀nà tí ó ti ilé dé ibi iṣẹ́ wà lára ilé.

Nígbà tí ìjọba kò pèsè ọkọ̀ tí ó tó, àwọn ènìyàn pèsè fún ara wọn. Ọkọ̀ onípákó tí a ń pè ní bọ́lẹ̀-kájà ni ó kọ́kọ́ gbòde. Orúkọ rẹ̀ ń sọ ìwà àwọn tí ń wà á àti àwọn tí ń gbowó ọkọ̀: bí èrò bá ṣàròyé, wọn á ní kí ó bọ́ sílẹ̀ kí àwọn jọ wọ̀yá ìjà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mólúè dé, bọ́ọ̀sì ràgàjì tí àwọn tí ó dúró nínú rẹ̀ a máa pọ̀ ju àwọn tí ó jókòó lọ. Dáńfó náà dé, ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ ìyeyè tí a fa ìlà dúdú sí lára. Ó rọrùn láti bú àwọn awakọ̀ wọ̀nyí nítorí eré àsápajúdé àti ẹnu líle wọn. Ṣùgbọ́n òótọ́ kò gbọdọ̀ ṣòfò: bí kò bá sí wọn ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ìbá máa fi rìn lọ síbi iṣẹ́.

A lè fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ilé rẹ̀ wà ní ìkángun Ìkòròdú, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Marina. Àkùkọ kò tíì kọ tí yóò fi dìde. Yóò wẹ̀ nínú òkùnkùn, yóò rọra ṣílẹ̀kùn kí ó má baà jí àwọn ọmọ, yóò sì lọ tò sórí ìlà ní ibùdókọ̀. Bí ọkọ̀ bá dé Ọjọ́ta, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn èrò yóò máa tòògbé, àwọn ọlọ́jà yóò máa sáré láàárín ọkọ̀, wọ́n ń ta omi tútù, gúgúrú àti ìwé ìròyìn. Nírọ̀lẹ́, bákan náà ni. Nígbà tí yóò bá fi dé ilé, àwọn ọmọ ti sùn. Irú baba bẹ́ẹ̀ di baba ọjọ́ Àìkú. Ní ọjọ́ yòókù, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni àwọn ọmọ mọ̀. Bí àlọ rẹ̀ bá gba wákàtí méjì ààbọ̀, tí àbọ̀ rẹ̀ náà sì gba bẹ́ẹ̀, wákàtí 5 ni ó ń lò lójú ọ̀nà lóòjọ́, wákàtí 25 lọ́sẹ̀. Bí ó bá ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 48 nínú ọdún, ó di wákàtí 1,200. Èyí jẹ́ àádọ́ta ọjọ́ géérégé, tọ̀sán-tòru, tí kò fi sùn dáradára, tí kò fi ṣiṣẹ́, tí kò sì fi tọ́ ọmọ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti padà sí àṣà ahéré: ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ tàbí ìbátan nítòsí ibi iṣẹ́ ni wọ́n ń sùn láti ọjọ́ Ajé, ó sì di ọjọ́ Ẹtì kí wọ́n tó lọ sílé.

Kí ni ó fa ìyọnu yìí? Ọ̀pọ̀ ń dá pípọ̀ ènìyàn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àwọn ìlú mìíràn wà láyé tí èrò wọn pọ̀ bí ti Èkó, tí wọn kò sì jìyà tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó fa á ni pé a gbé gbogbo ẹrù lé ọ̀nà kan, ìyẹn ni títì àti afárá tí ọkọ̀ ń gbà. Afárá Èkó tí a bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1965 parí ní ọdún 1975, ọkọ̀ sì kún un. Afárá kẹta, tí ó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 12 lórí ọ̀sà, ṣí ní ọdún 1990, ọkọ̀ tún kún un. Àní nígbà tí a kó olú ìlú lọ sí Àbújá ní ọdún 1991, èrò kò dín. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí 1,000 ènìyàn bá fẹ́ kọjá lórí afárá, tí olúkúlùkù sì wà nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tirẹ̀, ọkọ̀ 1,000 ni yóò bọ́ sójú títì. Bí a bá tò wọ́n tẹ̀léra, tí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mítà 5 péré, ìlà wọn yóò gùn tó kìlómítà 5. Bí wọ́n bá wọ dáńfó tí ń gba ènìyàn 14, ọkọ̀ 72 ni yóò kó wọn. Bí ó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì ńlá tí ń gba 70, kò ju 15 lọ. Ọkọ̀ ojú irin kan tàbí méjì lè kó gbogbo wọn.

Ìṣirò yìí kò ṣókùnkùn sí àwọn aṣáájú. Alhaji Lateef Jákàńdè, tí ó jẹ́ gómìnà Èkó láti ọdún 1979 dé òpin ọdún 1983, ṣètò ọkọ̀ ojú irin tí yóò máa kó èrò káàkiri ìgboro. Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1983 kí àwọn ológun tó gbàjọba. Ní ọdún 1985, ìjọba ológun fagi lé ètò náà. Owó tí ó sì bá a lọ lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là, láìsí pé èrò kan ṣoṣo wọ ọkọ̀. Owó náà pọ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni àdánù tí ó tóbi jù. Ọmọ tí a bí ní ọdún 1985 ti di ẹni ọdún 38, ó ti lè ní ọmọ tirẹ̀, kí ọkọ̀ ojú irin ti ìgboro tó tún gbé èrò ní Èkó. Gbogbo àádọ́ta ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sọnù lọ́dọọdún ní àárín ìgbà náà, kò sí ilé ìfowópamọ́ tí ó lè san án padà.

Díẹ̀díẹ̀ ni ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Ní ọdún 2002, ìjọba ìpínlẹ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ tí a mọ̀ sí LAMATA, láti máa mójú tó ìrìnnà ní Èkó. Ní ọdún 2008, a ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì ńlá láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22, kí ọkọ̀ tí ó kó ọ̀pọ̀ má baà dúró lẹ́yìn ọkọ̀ tí ó kó ẹnì kan. Ọkọ̀ ojú irin tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Mile 2 dé Marina ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Kìlómítà 13 ni. Kò tíì dé Òkokomáíkò tí a fọkàn sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Èkejì, láti Agbádo dé Oyíǹgbò, kìlómítà 27, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ọ̀sà pẹ̀lú wà níbẹ̀, ọ̀nà tí Ọlọ́run là sílẹ̀ láìgba owó ọ̀dà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń gba orí rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ṣì kéré sí àwọn tí ń gba orí ilẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo fi ń dífá ní ọrọọrún. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí àwọn tí ń ṣètò ìlú máa ṣe. Kí ilé tó kún ilẹ̀ ni ó yẹ kí a ti fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀nà, fún irin, àti fún àwọn tí ń fẹsẹ̀ rìn. Ẹni tí ó bá dúró kí ilé kún tán kò ní í rí ọ̀nà là àfi kí ó wó ilé onílé. Bí wíwó bá sì di dandan, kí a san ẹ̀tọ́ fún ẹni tí a wó ilé rẹ̀, kí a sì rántí ìyá ọlọ́jà Sùúrùlérè. Awakọ̀ dáńfó pẹ̀lú ní ilé tí ó ń bọ́. Bí bọ́ọ̀sì ńlá bá gba ọ̀nà rẹ̀, kí a wá iṣẹ́ fún un nínú ètò titun náà. Yàtọ̀ sí èyí, kò yẹ kí gbogbo iṣẹ́ wà lójú kan. Bí ọ́fíìsì, ilé ìwòsàn àti ilé-ẹ̀kọ́ rere bá wà ní Ìkòròdú àti Àlímọ̀ṣọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní í nílò afárá rárá.

Àwọn ọmọ tí ó wà lórí ìjókòó ilé-ẹ̀kọ́ lónìí ni yóò di onímọ̀ ẹ̀rọ, agbẹjọ́rò, káńsẹ́lọ̀ àti gómìnà lọ́la. Nínú wọn ni ẹni tí yóò bá iṣẹ́ tí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ yóò ti jáde, bóyá iṣẹ́ tí ọ̀tá rẹ̀ nínú òṣèlú fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ sọlẹ̀. Ní ọjọ́ náà, kí ó kọ́kọ́ béèrè iye ènìyàn tí ń jí ṣáájú àkùkọ nítorí pé iṣẹ́ náà kò tíì parí, kí ó tó mú kálàmù láti fagi lé e.