Láti Ọjà Ọba Òṣogbo dé Iléṣà: Bẹ́ ẹ ṣe lè po ọsàn sísun olóòórùn èéfín mu nílé yín

Tí àlejò bá dé sílé wa lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ohun tó sábà máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ká rán ọmọ lọ ra mínírà tàbí bíà. Owó ti lọ nìyẹn, ṣúgà ti wọnú ara nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ọsàn kún ọjà, wọ́n ń kiri ẹ̀ níwájú ilé wa, iná èédú náà kò sì ṣòroó dá. Lọ́sẹ̀ yìí, ìrìn-àjò la fẹ́ mú yín rìn, láti Òṣogbo lọ sí Iléṣà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ká lè jọ ra gbogbo èròjà ohun mímu kan tó ní adùn ọsàn àti òórùn èéfín lẹ́ẹ̀kan náà, ká sì jọ pò ó.

Láwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá nílùú òyìnbó, owó gọbọi ni wọ́n ń gbà lórí irú ẹ̀. Kọtéèlì ni wọ́n ń pè é. Ọtí kan tó ń jẹ́ mezcal, láti orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, ni wọ́n sábà máa ń fi pò ó. Inú kòtò tí wọ́n ti dá iná igi sí, tí òkúta gbígbóná wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ni wọ́n ti máa ń sun ewéko kan tí wọ́n ń pè ní agave kí wọ́n tó fi ṣe ọtí náà. Ibẹ̀ ni òórùn èéfín ti ń wọnú ẹ̀. Wọ́n á wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín. Ṣebí àwọn ìyá wa àgbà máa ń ti ọsàn wẹ́wẹ́ bọ inú eérú gbígbóná kí wọ́n tó fún un pọ̀ mọ́ oyin fún ẹni tó ń wúkọ́? Ṣebí èèpo ọsàn gbígbẹ la fi ń dáná, tá a tún ń jó lálẹ́ kí ẹ̀fọn lè sá? Ọsàn àti iná ti jọ ń gbé nílé wa tipẹ́. A kàn fẹ́ kó wọn pọ̀ sínú jọ́ọ̀gì kan ni.

ỌSÀN RÍRÀ L'ÒṢOGBO

Tẹ́ ẹ bá dé Òṣogbo, ìlú tí ọkọ̀ ojú irin ti dé láti ọdún 1907, tó sì di olú-ìlú nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ lọ́dún 1991, ẹ gba Ọjà Ọba lọ, lágbègbè ààfin Àtáọ́ja. Ẹ ò ní í rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó gbọ́ táwọn ọlọ́sàn ń pè yín: "Àǹtí mi, ẹ wá ra ọsàn, oyin ni o!" Gbogbo ọlọ́sàn ló ń sọ pé oyin ni tòun. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi dán an wò. Èyí tó bá wúwo ju bó ṣe tóbi lọ, tí èèpo ẹ̀ sì fẹ́lẹ́, tó ń dán, òun ló lómi. Èyí tó bá fúyẹ́, tí èèpo ẹ̀ nípọn bíi ti bàtà, ẹ dá a padà.

Ẹ má sì torí pé àwọ̀ ewé ṣì wà lára ọsàn kẹ́ ẹ ní kò tíì pọ́n. Òtútù òru ló ń sọ èèpo ọsàn di pupa rẹ́súrẹ́sú nílẹ̀ òkèèrè. Níbi tí òtútù ò ti pọ̀ bíi tiwa, ọsàn lè pọ́n, kó dùn, kí èèpo ẹ̀ sì ṣì jọ ewé.

Ohun kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ rántí sọ fún ìyá ọlọ́sàn: ẹ ní kó má ṣe bó o. Ọsàn tí wọ́n ti fi bíléèdì bó kò ṣeé sun dáadáa, torí òróró tó ń ta sánsán wà nínú èèpo òde yẹn, òun gan-an ló ń gbé òórùn jáde tí iná bá kàn án. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ fọ ọsàn náà, ẹ bó méjì nínú ẹ̀ fúnra yín, kẹ́ ẹ sì sá èèpo ẹ̀ sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta títí tó fi máa gan. Ẹ máa rí ìwúlò ẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ ra ọsàn wẹ́wẹ́ náà níbẹ̀, èyí tí èèpo ẹ̀ ń dán, tó sì rọ̀ díẹ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ tán, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa kẹ́ ẹ tó bọ́ sóòrùn. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó bá gbẹ mọ́ ara, tí òòrùn wá pa á, máa ń bó awọ bí ẹni pé omi gbígbóná dà síbẹ̀, àpá dúdú rẹ̀ sì lè pẹ́ kó tó lọ.

OMI WO LẸ FẸ́ FI PÒ Ó?

Kò sẹ́ni tó máa dé Òṣogbo tí kò ní í fẹ́ rí igbó Ọ̀ṣun, tí àjọ UNESCO fi sára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005. Ẹ wò ó, ẹ gbafẹ́ lábẹ́ igi, ẹ wo àwọn ère tí Susanne Wenger, tá a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àtàwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ gbé kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má bu omi odò náà mu, ẹ má sì bù ú lọ sílé fi po nǹkan mímu. Iṣẹ́ wíwa góòlù tó ń lọ lágbègbè ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lókè odò ti sọ omi náà di aláwọ̀ amọ̀, lọ́dún 2021 sì ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fáwọn aráàlú nígbà ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má ṣe mu ún. Tí kẹ́míkà bíi mákúrì tàbí òjé bá wà nínú omi, sísè kò lè yọ ọ́. Omi ẹ̀rọ tó mọ́ tàbí omi inú ọ̀rá tó ní nọ́ńbà NAFDAC ni kẹ́ ẹ lò. Omi kan náà ni kẹ́ ẹ fi ṣe yìnyín, torí ọ̀pọ̀ máa ń ṣọ́ omi tó wà nínú ife, wọ́n á wá gbàgbé èyí tó ti dì.

Ó DI ILÉṢÀ

Nǹkan bí 30 kìlómítà ló wà láàárín Òṣogbo àti Iléṣà, ẹ ò ní í pẹ́ débẹ̀. Ní gáréèjì tẹ́ ẹ ti máa wọ ọkọ̀, ẹ ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí àwọn tó ń ta paraga, ìyẹn egbò àti èèpo igi tí wọ́n rẹ sínú ọtí líle. Wọ́n á ní ti jẹ̀díjẹ̀dí nìyí, ti ẹ̀yìn dídùn nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí i pé dẹ́rẹ́bà yín dà á sọ́nà ọ̀fun, ẹ wọ ọkọ̀ mìíràn. Pé ewé àti egbò wà nínú ọtí kò sọ ọ́ di ohun tí kì í pa èèyàn.

N'Iléṣà, ọjà Atákúnmọ́sà, tí wọ́n fi orúkọ Ọwá ayé àtijọ́ kan pè, ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ ra atalẹ̀ tútù, kànáfùrù díẹ̀, àti oyin. Ìlú tó mọ̀ nípa ọtí náà ni Iléṣà o: ibẹ̀ ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ International Breweries sílẹ̀ sí lọ́dún 1971, bíà Trophy wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́dún 1978. Àwọn tó fẹ́ ti ìbílẹ̀ á máa wá ẹmu láti oko. Ẹmu àárọ̀ ló dùn jù, torí kò tíì le púpọ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń ṣú lọ ló ń kan sí i, tí ọtí inú ẹ̀ sì ń le sí i.

Tí àyè bá gbà yín, ẹ dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi Olúmirin ti ń dà wálẹ̀ láti orí àpáta, ìpele méje ni. Ohun mímu wa yìí dára gan-an fún irú ibẹ̀. Àmọ́ kó má lọ́tí nínú o, àpáta tó ń yọ̀ kò gba ẹni tójú ẹ̀ ń ṣú.

BẸ́ Ẹ ṢE MÁA PÒ Ó

Ti èèyàn mẹ́rin la kọ síbí:

Ọsàn mímu ńlá, 8
Ọsàn wẹ́wẹ́, 4
Atalẹ̀ tó tó àtàǹpàkò kan
Kànáfùrù, 3
Oyin, ṣíbí ìjẹun 3
Omi tútù, ife 2
Iyọ̀, ìwọ̀nba tí ìka méjì lè mú
Èèpo ọsàn gbígbẹ, bíi 3
Yìnyín

1. Ẹ dá iná èédú sí ìta gbangba. Ẹ má fi ọ̀rá tàbí rọ́bà ràn án, ẹ má sì da kẹrosíìnì sí i, òórùn wọn á wọnú ọsàn. Ẹ jẹ́ kí èédú náà pọ́n, kó má mú ahọ́n iná mọ́.

2. Ẹ la ọsàn ńlá sí méjì-méjì, ẹ da ojú wọn dé orí wáyà tàbí páànù gbígbẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin. Kí etí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dúdú ni kẹ́ ẹ gbé e. Tó bá jóná kanlẹ̀, á korò.

3. Ẹ ti ọsàn wẹ́wẹ́ bọ inú eérú gbígbóná láìbó o, ẹ máa yí i fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún títí tó fi máa rọ̀. Ẹ nù ún mọ́.

4. Ẹ gún atalẹ̀, ẹ sè é pẹ̀lú kànáfùrù nínú ife omi kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ sẹ́ ẹ. Nígbà tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ po oyin àti iyọ̀ sí i. Iyọ̀ yẹn máa ń bá wa ká ìkorò kò.

5. Ẹ fún gbogbo ọsàn náà, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ, ẹ dà á pọ̀ mọ́ omi atalẹ̀ àti ife omi tó kù.

6. Ó wá kan èéfín. Ẹ mú ẹyin iná kan sínú àwo irin kékeré, ẹ fi èèpo ọsàn gbígbẹ lé e. Tó bá ti ń rú, ẹ da ojú jọ́ọ̀gì onígíláàsì gbígbẹ délẹ̀ lókè ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ iná jù, kó má baà sán. Ẹ má sì lo oníke. Tí èéfín bá ti kún inú ẹ̀, ẹ yí i padà, ẹ tètè da omi ọsàn sí i, ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ bù ú lé yìnyín.

Ẹ má ṣe gbé iná èédú wọ inú yàrá tàbí ilé ìdáná tẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára èédú kò ní òórùn, ó sì máa ń pa odindi ìdílé lójú oorun.

TẸ́ Ẹ BÁ FẸ́ FI ỌTÍ SÍ I

Àwọn kan á ní ohun mímu yìí ò pé láìsí ògógóró. Ẹmu tó ti kan ni wọ́n máa ń dà sínú dúrọ́ọ̀mù, tí wọ́n á fi iná igi sè é, tí ooru ẹ̀ á gba inú páìpù tó la omi tútù kọjá, tá á wá máa kán síta. Láyé ìjọba amúnisìn, wọ́n ń mú àwọn tó ń sè é, wọ́n ní kò bófin mu.

Wàhálà tó wà ńbẹ̀ kì í ṣe ti òfin nìkan. Májèlé kan wà tó ń jẹ́ methanol. Ó lè wà nínú ọtí tí wọ́n sè náà. Àwọn oníjìbìtì mìíràn tún máa ń fi èyí tí wọ́n ń lò nílé iṣẹ́ kẹ́míkà lú ọtí kó lè pọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, nílùú Òde-Ìrèlé, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́jú, wọ́n ń kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Nígbà tí àyẹ̀wò jáde, ọtí tó ní methanol ni. Irú ẹ̀ tún pa èèyàn ní Ìpínlẹ̀ Rivers lọ́dún kan náà.

Ìdí tá a fi ń sọ ọ́ níbí ni pé òórùn èéfín àti kíkan ọsàn máa ń bo ọtí mọ́lẹ̀. Ohun tí ahọ́n yín ì bá fi fura, kò ní í rí i mọ́. Àwọn tó ń ṣáná sí ọtí, tí wọ́n ní tó bá ti ń jó ó ti dáa, ara wọn ni wọ́n ń tàn, torí methanol náà ń jó. Nítorí náà, tó bá di dandan, ọtí tí wọ́n dé pa látilé iṣẹ́, tó ní nọ́ńbà NAFDAC, ni kẹ́ ẹ lò, kó má sì ju ife kékeré kan lọ fẹ́nì kan. Àjọ WHO tiẹ̀ sọ lóṣù kìíní ọdún 2023 pé kò sí ìwọ̀n ọtí tá a lè ní kò léwu fún ara.

Tí ẹni tó mu ọtí lánàá bá ní orí ń fọ́ òun gidigidi, tó ń bì, tó sì ní ojú òun ń ṣe bàìbàì bí ẹni wà nínú kùrukùru, ẹ má fún un lágbo, ẹ má ní kó sùn ún kúrò. Ilé ìwòsàn ńlá ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíá, bíi UNIOSUN Teaching Hospital l'Òṣogbo tàbí Wesley Guild n'Iléṣà, kẹ́ ẹ sì mú ìgò ọtí náà dání. Tí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, wọ́n lè dá ojú àti ẹ̀mí ẹ̀ sí.

ÀWỌN TÓ YẸ KÓ ṢỌ́RA

Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi nifedipine, tàbí oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ bíi simvastatin, kó má fi gíréèpù tàbí ọsàn kíkan rọ́pò ọsàn mímu. Wọn kì í jẹ́ kí ara lo oògùn náà tán bó ṣe yẹ, ó wá ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀.

Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, kó dín ọsàn wẹ́wẹ́ kù. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, kó yọ oyin kúrò, kó sì mọ̀ pé ọsàn fúnra ẹ̀ ní ṣúgà, ife kékeré kan ti tó. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ tọ́ oyin wò rárá, torí kòkòrò kan wà nínú ẹ̀ tí ìfun ọmọ kékeré kò lè bá jà. Aláboyún lè mu èyí tí kò lọ́tí dáadáa.

Tẹ́ ẹ bá mu ún tán, ẹ fi omi yọ́ ẹnu, kẹ́ ẹ dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọ eyín. Èyí tó bá ṣẹ́kù, inú fíríìjì ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kẹ́ ẹ sì mu ún tán lọ́jọ́ kejì. Ẹ kó èèpo ọsàn tẹ́ ẹ fún tán sóòrùn, ti àlejò tó ń bọ̀ nìyẹn.