À Ń Wá Ẹja, A Kò Fẹ́ Mú Un

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí a fi kúrò ní Houston, tí ọkọ̀ ojú omi ẹ̀gbọ́n ń tẹ̀ lé mọ́tò wa lẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n jù mí lọ dáadáa, ẹ̀gbọ́n ni mo sì máa ń pè wọ́n. Sátidé ni ìdíje àwọn apẹja. Ọjọ́bọ̀ ni a lọ yẹ omi wò. A gba Livingston, a yà sí ọ̀nà 190, a la igbó páìnì já kọjá Woodville títí dé Jasper. Láti ibẹ̀, adágún Sam Rayburn kò jìnnà mọ́.

Odò Angelina ni ìjọba Amẹ́ríkà sé, tí omi fi bo igbó mọ́lẹ̀ lọ́dún 1965. Adágún náà tó nǹkan bí éékà 114,500. Toledo Bend tó wà nítòsí tóbi jù ú lọ, ṣùgbọ́n Louisiana ló bá Texas pín ìyẹn. Nínú gbogbo alagbalúgbú omi yìí, ẹja bass márùn-ún péré ni apẹja lè gbé wá sórí òṣùwọ̀n. Òfin Texas ni: márùn-ún lóòjọ́, èyí tí kò bá sì gùn tó íńṣì 14, kó padà sómi. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ ìdíje kó tó máa wá ibi tí ẹja wà ti pẹ́ jù.

Oṣù kẹta ni, omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bó bá ti kọjá ìwọ̀n 60 Fahrenheit, bass a máa kúrò níbi tó jìn, a máa bọ̀ wá yé ẹyin sí etí omi. Akọ ló ń fi ìrù gbá ilẹ̀ ìtẹ́, òun náà ló ń ṣọ́ ẹyin. Abo, tó sábà máa ń tóbi jù, kì í pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà láti ibú dé etí omi gan-an ni a wá wò. Ẹ̀rọ tó wà níwájú ọkọ̀ ń fi abẹ́ omi hàn wá: ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́, ipa odò àtijọ́, kùkùté igi, koríko hydrilla tó ga sókè. A tẹjú mọ́ ọn títí oòrùn fi ga, a kò ju ìwọ̀ rárá. Ó nira fún ẹni tó fẹ́ràn ẹja, ṣùgbọ́n mo gbà pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà.

Nígbà tí a dé etí koríko kan tó wù wá, ẹ̀gbọ́n fa ẹ̀mú yọ, wọ́n di ìwọ̀ mi mú, wọ́n gé ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ dànù.

“Má gún un lẹ́nu lónìí o. Èyí tó o bá fi ìwọ̀ kọ́ lónìí kò ní í dá ọ lóhùn ní Sátidé.”

Mo fi ekòló oníke bo ìwọ̀ náà, mo jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko. Òjé rì, okùn dẹ̀, mo sì rọra ń fà á. Ó fi ara kọ́ koríko, ó já. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ lọ́wọ́: tọ́, tọ́. Okùn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sápá òsì fúnra rẹ̀. Mo gbé ọ̀pá sókè díẹ̀, ọ̀pá tẹ̀, ẹja náà mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó sì tu ekòló sílẹ̀. Ara ekòló náà ti họ bí ẹni fi yanrìn fá a: eyín bass nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n fi àmì síbẹ̀ lórí ẹ̀rọ, a sì kúrò lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀bá ọ̀sà Ẹpẹ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Níbẹ̀, ẹja tó bá kó sínú ìgèrè tàbí àwọ̀n, ọjà ló ń lọ. Níhìn-ín, ààyè ni ẹja gbọ́dọ̀ dé orí òṣùwọ̀n, kó sì padà sómi. Èyí tó bá kú ń dín ìwọ̀n ẹni kù. Ọdún 1972 ni Ray Scott, tó dá ẹgbẹ́ apẹja B.A.S.S. sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn apẹja pé kí wọ́n má pa ẹja tí wọ́n bá mú. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn, nítorí ẹja ńlá tí a dá padà lónìí ṣì lè yé ẹyin.

Lọ́sàn-án, a ya inú kọ̀rọ̀ omi kan tí igi dúró sínú rẹ̀. Ọ̀nì kan ń yáàrùn lórí ìtì igi. Omi mọ́ gaara, a sì ń rí ìtẹ́ ẹja nílẹ̀, roboto, ó funfun ju ẹrẹ̀ àyíká rẹ̀ lọ, akọ kan sì ń lé àwọn ẹja kéékèèké kúrò lórí ọ̀kan. Inú ẹ̀gbọ́n dùn, wọ́n ní ibí ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ẹni tó bá gba ibí kọjá ló máa rí wọn. Ẹ jẹ́ ká ti etí koríko bẹ̀rẹ̀.”

A fa ọ̀rọ̀ yìí títí a fi padà dé Jasper. Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí: etí koríko láàárọ̀ kùtù, kọ̀rọ̀ omi nígbà tí oòrùn bá ga tó láti fi ìtẹ́ hàn. Bí atẹ́gùn àríwá bá sì gbé otútù wá lóru Fúráìdè, a ó fi ìtẹ́ sílẹ̀, a ó dúró ti koríko títí di àkókò ìwọ̀n.