Omi Tí Ẹnìkan Kò Tíì Bù

Bí a bá dárúkọ omi fún àgbàlagbà kan ní abúlé ilẹ̀ Ròmáníà, kì í ṣe òùngbẹ nìkan ni yóò wá sí i lọ́kàn. Oríṣiríṣi ni omi lójú àwọn baba ńlá wọn. Èyí tí ó níyì jù lọ nínú ìwòsàn ni èyí tí wọ́n ń pè ní apă neîncepută, ìyẹn omi tí ẹnìkan kò tíì bù. Kí oòrùn tó là, kí ẹnikẹ́ni tó ju korobá sí kànga, obìnrin tí yóò lò ó gbọ́dọ̀ ti débẹ̀. Ní àlọ àti ní àbọ̀, kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kò sì gbọdọ̀ wẹ̀yìn. Bí wọ́n bá kí i, kò ní dáhùn. Láwùjọ tí ìkíni ti níyì, ohun kékeré kọ́ ni èyí.

Àìsàn tí wọ́n sábà ń fi omi yìí wò ni deochi, èyí tí ojú burúkú máa ń fà. Ọmọ ọwọ́ tí àlejò bá yìn ju bí ó ti yẹ ni ó tètè ń mú. Ẹkún rẹ̀ kò ní dáwọ́ dúró. Ìyá arúgbó tí ó mọ ọfọ̀ yóò bu omi náà sínú abọ́, yóò máa ju ẹyín iná sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà mìíràn títí yóò fi di mẹ́sàn-án, yóò sì máa pe ọfọ̀ lábẹ́lẹ̀. Bí ẹyín iná bá rì, ó dá a lójú pé ojú ni. Yóò ki ewé busuioc, tí í ṣe ẹbí efinrin ilẹ̀ Yorùbá, bọ inú omi náà, yóò fi pa iwájú orí ọmọ, yóò sì fún un mu díẹ̀. Ó jọ pé ìdákẹ́jẹ́ ẹni tí ó lọ pọn omi náà wà lára oògùn ọ̀hún.

Nínú àlọ́ wọn, omi òkú wà, omi ìyè sì wà. Ion Creangă lo méjèèjì nínú ìtàn Harap-Alb tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1877. Nígbà tí ọ̀tá bẹ́ orí ọmọ ọba náà, omi òkú ni wọ́n kọ́kọ́ dà sí i, tí ẹ̀jẹ̀ fi dá, tí ẹran ara sì lẹ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bu omi ìyè wọ́n ọn, tí ó jí bí ẹni tí ó sun oorun gígùn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe yára sọ pé omi òkú ni ó ń pani. Òun ni ó ń tún ara ṣe kí ẹ̀mí tó padà.

Ṣùgbọ́n níbi ọ̀rọ̀ òkú gan-an ni omi ti wọni lára jù. Ní gúúsù, pàápàá ní Oltenia, wọ́n gbà pé òùngbẹ ń gbẹ òkú, àti pé omi tí a bá fi tọrẹ láyé ni yóò rí mu. (Ìdí nìyí tí àwọn mìíràn fi ń gbẹ́ kànga sí ẹ̀bá ọ̀nà ní orúkọ òkú wọn.) Nítorí náà, ẹbí yóò bẹ ọmọdébìnrin kan pé kí ó máa pọn omi lọ sí ilé ẹlòmíràn fún ogójì ọjọ́. Wọn a máa fi ọ̀bẹ gé àmì sára igi kí iye korobá má baà dàrú. Ẹni tí ó gba omi náà yóò wí pé bogdaproste, tí í ṣe kí Ọlọ́run dárí jì í, nítorí pé òkú ni ó ni ọrẹ náà, kì í ṣe ọmọ tí ó rù ú.

Nígbà tí ọjọ́ bá pé, wọn yóò mú ọmọ náà lọ sí etí odò. Wọn yóò tan àbẹ́là sínú igbá, wọn yóò gbé e lé omi, wọn yóò sì pe oòrùn àti odò láti jẹ́rìí pé omi náà pé, àti pé ti lágbájá ni. Ìyá olókùú yóò dúró, yóò máa wo iná kékeré náà bí omi ti ń gbé e lọ.