Abàmì Onírun Inú Igbó

Ẹ̀yin ọmọ mi, ní Ṣómólú tí mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, ará Ìjẹ̀bú, ará Èkìtì, ará Ìlàjẹ àti ará Kútọnu lè jọ máa gbé inú ilé kan ṣoṣo. Nítorí náà, bí mo bá ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi dárúkọ ohun tí àwọn àgbà fi ń dẹ́rù bà wọ́n nílé, orúkọ máa ń pọ̀. Ọ̀kan á ní iwin. Òmíràn á ní Àrọ̀nì ẹlẹ́sẹ̀ kan. Òmíràn á ní ẹ̀gbére, ẹ̀dá kúkúrú tí ó máa ń gbé ẹní kiri tí ó sì máa ń sunkún. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ wá láti orílẹ̀-èdè Benin á dárúkọ Aziza, ẹ̀dá kékeré onírun tí ń gbé inú igbó.

Irú ẹ̀dá báyìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ tiwa nìkan. Àwọn Akan ní ilẹ̀ Gánà ní Sasabonsam. Wọ́n ní irun gígùn bo gbogbo ara rẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ní àwọn òkè gíga ilẹ̀ Nepal, Yeti ni wọ́n ń pè é. Ní Ṣáínà, Yeren ni. Ní Kánádà, Sasquatch ni, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ń pè é ní Bigfoot, ìyẹn ẹlẹ́sẹ̀ ńlá. Orúkọ wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tí ó mú ọ̀kan nínú wọn rí.

Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ ohun mẹ́sàn-án wò, bí egungun, eyín, awọ àti irun, tí àwọn ènìyàn ní ó jẹ́ ti Yeti. Mẹ́jọ jẹ́ ti ẹranko béárì. Ẹyọ kan tí ó kù jẹ́ ti ajá!

Ẹ rántí ìtàn Mọ́remí pẹ̀lú. Àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ máa ń sá fún àwọn kan tí wọ́n ń jà wọ́n lólè, nítorí wọ́n rò pé ará ọ̀run ni wọ́n. Mọ́remí jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, ó sì rí àṣírí wọn: ènìyàn tí ó fi ìko bo ara ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n tún dé, àwọn ará Ifẹ̀ fi ògùṣọ̀ lé wọn lọ.

Kí ni ó mú mi sọ èyí fún yín? Mo ti rí i ní àdúgbò wa tí àwọn ọmọdé ń sọ òkò lu ọkùnrin kan tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, tí irun rẹ̀ gùn tí ó sì ta kókó. “Iwin! Iwin!” ni wọ́n ń pariwo. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní iwájú orí rẹ̀. Mo gba òkúta lọ́wọ́ wọn, mo sì bi wọ́n pé, “Ṣé iwin a máa ṣẹ̀jẹ̀ bí ènìyàn?” Kò sí ẹni tí ó fèsì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìnàkí inú igbó. Ó nírun, ó ní ìka bíi tiwa, kò sì ní ìrù. Ẹni tí ó bá rí i ní òkùnkùn lè pè é ní abàmì. Ṣùgbọ́n ẹranko ni, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó sì kù nínú àwọn igbó Èkìtì, Oǹdó àti Ògùn, nítorí pé a ń gé igi, a ń dáko, a sì ń dọdẹ wọn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ béèrè orúkọ àwọn abàmì wọ̀nyí lọ́wọ́ àwọn àgbà yín, kí ẹ kọ wọ́n sínú ìwé, nítorí ogún wa ni wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sá, kí ẹ sì tó sọ òkò, ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa.