Itan Ẹlẹ́dẹ̀ fún Ọdún Kérésìmesì ní Alímòṣọ́

Bí oṣù December bá ti wọlé, gbogbo Alímòṣọ́ a máa rùn fún ẹran. Ẹni tó bá gba Ìkòtún kọjá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ yóò rí àgò adìẹ tí wọ́n tò lé ara wọn lórí lẹ́bàá títì, ariwo àkùkọ a sì máa dàpọ̀ mọ́ ti àwọn kọ̀ǹdọ́kítọ̀ tó ń pe Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìyànà-Ìpájà. Ní Ẹ̀gbẹ́dá, àwọn ìyá tó ń ta ẹran inú yìnyín a máa la tọ́kí sí wẹ́wẹ́. Ní Ìgandò, ẹ ó rí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ òpó níwájú ilé ẹni tó kọ́kọ́ rówó gbà. Ìjọba ìbílẹ̀ tí ètò ìkànìyàn ọdún 2006 bá ènìyàn tó lé ní 1,200,000 nínú rẹ̀ kò lè ṣe ọdún wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹran kan wà tó ṣòro kí ẹ tó rí i kí wọ́n so ó mọ́ òpó ní gbangba ládùúgbò wa. Ẹlẹ́dẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ẹran náà la fẹ́ bá ẹ̀yin ìdílé Onígbàgbọ́ sọ lónìí, nítorí ìbéèrè lórí rẹ̀ ti pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ń bọ̀ wálé fún ọdún, wọ́n sì ń gbé ìkòkò oníná tí wọ́n ń pè ní slow cooker bọ̀ fún ìyá wọn. Wọ́n á ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká se hámù lọ́dún yìí." Màmá á gba ìkòkò, á dúpẹ́, á gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà á wá bá wa: "Pásítọ̀, ẹ dákun, ṣé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀? Báwo la sì ṣe fẹ́ sè é tí NEPA ò bá mú iná wá?" Ìbéèrè méjèèjì dára. Ẹ̀kẹta kan wà tí Màmá kò tíì bi wá, òun ló sì ṣòro jù. A ó dé ibẹ̀.

Hámù ni itan ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ti rẹ sínú iyọ̀. Kí ẹ̀rọ amóhun-tutù tó dé, àwọn ará Yúróòpù a máa pa ẹlẹ́dẹ̀ nígbà tí òtútù bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi iyọ̀ tọ́jú ẹran náà bí àwa náà ṣe ń fi èéfín tọ́jú ẹja, bí Kérésìmesì bá sì dé, itan ti wà nílẹ̀. Nígbà tó bá jinná tán, wọ́n á fi oyin tàbí ṣúgà pa á lára, wọ́n á yan án títí ara rẹ̀ yóò fi máa dán. Ẹ kò lè retí pé kí ó ti òkè òkun wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà lára àwọn ọjà tí òfin Kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbà kí a kó wọ Nàìjíríà. Ẹni tó bá fẹ́ hámù ní láti wá itan tútù, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ìkòkò oníná yẹn, nítorí ìtàn rẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín. Júù ni ọkùnrin tó ṣe é. Irving Naxon ni orúkọ rẹ̀, ará Amẹ́ríkà, wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní ọdún 1940. Ìyá rẹ̀ ló ti sọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe nílùú Vilna ní Lithuania fún un. Lọ́jọ́ Ẹtì, kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n á gbé ìkòkò ẹ̀wà àti ẹran lọ sílé oníbúrẹ́dì, wọ́n á tì í sínú ààrò tó ń tutù lọ, yóò sì máa jinná níbẹ̀ di ọjọ́ kejì, nítorí òfin inú Ẹ́kísódù 35 kò gbà kí wọ́n dá iná lọ́jọ́ Sábáàtì. Ní ọdún 1971, ilé iṣẹ́ Rival gbé ìkòkò náà jáde pẹ̀lú orúkọ Crock-Pot. Oúnjẹ Sábáàtì ló bí ìkòkò yìí, òun náà ni ará Amẹ́ríkà wá ń fi se ẹlẹ́dẹ̀ lọ́dún Kérésì!

Kì í jẹ iná púpọ̀. Èyí tó ń gba wáàtì 250, bó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8, yúnìtì 2 péré ni yóò jẹ. Ní oṣù April 2024 tí wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A sí 225 náírà fún yúnìtì kan, 450 náírà nìyẹn. Owó kọ́ ni ìṣòro. Ẹran tó bá wà láàárín tútù àti gbígbóná, láti ìwọ̀n ooru 5 dé 60 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì, kòkòrò àìfojúrí a máa bí sí i nínú rẹ̀ kíákíá. Bí iná bá lọ ní wákàtí kejì tí ìkòkò kò tíì gbóná dénú, tí kò sì padà títí ilẹ̀ fi mọ́, dídà ni ká da ẹran náà nù. Gbígbé e padà sórí iná kò tó láti wẹ̀ ẹ́ mọ́. Itan tí a ra lówó gọbọi! Ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà tó gbẹ́kẹ̀ lé lè lo slow cooker. Ẹ̀yin tó kù, ẹ jẹ́ kó jókòó sórí kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ wá èédú. Èédú kì í lọ láìdágbére.

Níbo wá ni itan ti ń wá? Fún àwa ará Alímòṣọ́, Òkè-Àrò ni ibi tó gbajúmọ̀ jù. Láti Ìkòtún, ọkọ̀ á gba Ìdímù dé Ẹ̀gbẹ́dá, á gba Akówonjo já sí Dópèmú, á wọ Agége, á gba ẹ̀gbẹ́ afárá Pen Cinema tí wọ́n ṣí ní ọdún 2021, á kọjá Fágbà àti Ìjù-Ìṣàgá. Lẹ́yìn Ìjù, ènìyàn á kúrò ní Ìpínlẹ̀ Èkó, á bọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, kò sì ní mọ̀, nítorí ilé fi ara kan ilé ni. Imú ló máa ń sọ fún àlejò pé ó ti dé. Ọgbà kan ṣoṣo kọ́ ni ibẹ̀: ilé ẹlẹ́dẹ̀ lóríṣiríṣi ni, olówó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òrùlé wọn kò ga, wọ́n tò lọ rẹrẹ. Bí àkókò oúnjẹ bá tó, tí wọ́n gbé èérí èkùrọ́ àti èérí ọtí bíà dé, ẹ kò ní gbọ́ ohun tí ẹnìkejì yín ń sọ. Àwọn tó mọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn a máa ka ibẹ̀ mọ́ àwọn tó tóbi jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ojú ibẹ̀ ti rí nǹkan. Ní ọdún 2020, nígbà tí kòrónà ti gbogbo wa mọ́lé, àrùn mìíràn wọ inú àwọn ọgbà náà: ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Ó ti kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà ní ọdún 1997 láti ẹ̀gbẹ́ ààlà Benin. Kì í mú ènìyàn, ṣùgbọ́n bó bá mú ẹlẹ́dẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ló ń pa á, kò sì sí oògùn tó ń wò ó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹlẹ́dẹ̀ ló lọ lọ́dún náà, èyí tó kú fúnra rẹ̀ àti èyí tí wọ́n pa kí àrùn má baà ràn. Ẹni tó yáwó ra ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, gbèsè nìkan ló kù sí i lọ́wọ́. Àrùn yìí a máa tẹ̀lé bàtà àti táyà wọlé, nítorí náà bí olóko bá ní kí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má bínú, ẹ má sì fi agbára wo inú ilé ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀.

Odidi itan kan á pọ̀ jù fún ìdílé. Ẹ ní kí wọ́n gé kílò 3 fún yín, kí awọ àti ọ̀rá wà lára rẹ̀. Ọ̀rá rẹ̀ gbọ́dọ̀ funfun, ẹran rẹ̀ kí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun kéékèèké bí hóró ìrẹsì nínú ẹran náà, aràn ni, ẹ má rà á bó ti wù kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù tó. Kí ẹ gbé kúlà tó ní yìnyín dání láti ilé, nítorí gò-síló Agége ní December kò mọ̀ pé ẹran wà lọ́wọ́ yín.

Ó wá ku ìbéèrè kẹta. Kí ni a fẹ́ ṣe nípa Alhaja?

Ẹ̀yin tó ń gbé Alímòṣọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí jọ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni, kíṣìnnì kan, ẹ̀rọ omi kan. Bí Iléyá bá dé, àwo ẹran àgbò Alhaja a kan ilẹ̀kùn wa. Bí Kérésìmesì bá dé, ìrẹsì àti adìẹ tiwa a lọ sílé Alhaja. Àwọn ilé Onígbàgbọ́ mìíràn tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé ẹni tó jẹ́ Mùsùlùmí nínú ilé ni wọ́n ń pè kí ó bá wọn dú adìẹ ọdún, kí ara Alhaja lè balẹ̀ láti jẹ ẹ́. Ẹnikẹ́ni kò wàásù rẹ̀ fún wọn. Bí àwọn òbí wa ṣe bá ara wọn gbé nìyẹn.

Ẹ wá gbé ẹlẹ́dẹ̀ sínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Kùráánì kọ̀ ọ́. Kì í ṣe àwọn Mùsùlùmí nìkan: àwọn ará wa tó wà ní Sẹ̀lẹ́ kì í jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Adventist. Bí Alhaja bá gbọ́ pé a se é nínú kíṣìnnì tí a jọ ń lò, yóò ṣì gba àwo ìrẹsì wa, yóò ní "Ẹ ṣeun, ẹ kú ọdún," ṣùgbọ́n ìrẹsì náà lè má dé ẹnu. Lọ́dún tó ń bọ̀, ó lè máà gba àwo mọ́. Ohun tí ogún ọdún fi so pọ̀, itan ẹlẹ́dẹ̀ kan lè tú u.

Ní ti ẹ̀ṣẹ̀, a mọ ohun tí Léfítíkù 11 sọ, a sì mọ ìran tí Pétérù rí lórí òrùlé ní Jópà, nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 10. Àwọn kan ń fi ìran yẹn jẹ ẹlẹ́dẹ̀ bí ẹni jẹ iṣu. Àwa náà gbà pé Onígbàgbọ́ lè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka orí náà dé ìparí: ìkòkò ọbẹ̀ kọ́ ni ìran náà dá lé. Kọ̀nẹ́líù ló dá lé, kí Pétérù lè wọ ilé ẹni tí kò bá bá a da nǹkan pọ̀. Ẹni tó bá fi ìran náà lé aládùúgbò rẹ̀ sá, ó ti kà á lódìkejì. Pọ́ọ̀lù pàápàá, nínú Róòmù 14, kò fẹ́ kí oúnjẹ ẹnìkan di ìkọ̀sẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ohun tí a ń sọ fún àwọn ìdílé wa rèé. Ẹ má se é nínú kíṣìnnì àjọlò, ẹ̀yìnkùlé ni kí ẹ gbé e lọ. Kí ìkòkò rẹ̀, ọ̀bẹ rẹ̀ àti pákó tí ẹ fi ń gé e dá wà lọ́tọ̀. Ìyá kan ní Ìgandò fi ọ̀dà pupa sàmì sí etí ìkòkò tirẹ̀, kí ọmọ má baà ṣèèṣì gbé e, ọgbọ́n yẹn sì tẹ́ wa lọ́rùn. Kí ẹ kọ́kọ́ se adìẹ àti ìrẹsì, kí ẹ sì bu ti gbogbo ojúlé ránṣẹ́ kí itan tó kan iná. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ sọ fún wọn ṣáájú: "Alhaja, ẹ̀yìnkùlé la ó ti se ẹlẹ́dẹ̀ lọ́dún yìí o, ìkòkò tiẹ̀ lọ́tọ̀." Ẹni tí a bá sọ fún kò ní máa tọ pinpin. Ẹni tí a bá fi pamọ́ fún, òórùn ni yóò sọ fún un.

Sísè rẹ̀ kò le. Fún omi lítà kan, ẹ fi iyọ̀ ṣíbí ńlá 3 sí i, kí omi náà pọ̀ tó láti bo itan. Ẹ rì í sínú rẹ̀ fún ọ̀sán kan àti òru kan nínú fíríìjì tàbí kúlà, kí ẹ fi yìnyín tí ẹ dì sínú ọ̀rá yí i ká, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Kò ní pọ́n bíi ti òyìnbó, nítorí iyọ̀ mìíràn ni àwọn ilé iṣẹ́ ń fi sí tiwọn kí ó lè pọ́n. Ẹ má wá a kiri ọjà. Bó bá pọ̀ jù, májèlé ni.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi omi tútù ṣàn án, ẹ gbé e sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn, ẹ bu omi bò ó pẹ̀lú àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti kànáfùrù díẹ̀. Kí ó hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn náà, ẹ fa èédú sẹ́yìn, ẹ ku eérú lé e lórí, kí omi náà kàn máa mí ni, kí ó má hó. Wákàtí 4 ó kéré jù. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń jinná. Bí omi bá ń lọ, omi gbígbóná ni kí ẹ fi kún un. Bí fọ́ọ̀kì bá wọlé láìjà, tí ẹran ìdí egungun kò sì pọ́n mọ́, ó ti jinná.

Ẹ bó awọ kúrò, kí ọ̀rá kù lára rẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ la ọ̀rá náà ní ìbú àti òró, kí ẹ gún kànáfùrù kọ̀ọ̀kan sí ojú rẹ̀. Ẹ se oyin agolo mílíìkì kan pọ̀ mọ́ omi ọsàn méjì àti atalẹ̀ lílọ̀ títí yóò fi ki, ẹ fi pa á. Ó ku yíyan. Ọkàn yín lè sọ pé kí ẹ gbé e lọ sí ààrò oníbúrẹ́dì àdúgbò bíi ti àwọn ará Vilna. Ẹ má dán an wò. Búrẹ́dì tí Alhaja ń jẹ láàárọ̀, inú ààrò yẹn ló ti ń jáde. Ìkòkò oníyanrìn tí àwọn ìyá wa fi ń yan kéèkì ti tó: iyanrìn nísàlẹ̀, ẹran lórí páànù, èédú lórí ìdérí. Ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú 40, ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ tún fi oyin pa á, kí ẹ sì fọkàn sí i, nítorí oyin kì í pẹ́ jóná.

Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó gé e pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù bá a mu, dòdò bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má da omi tí ẹ fi sè é nù, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kan ìrẹsì àlejò. Egungun rẹ̀ ni kí ẹ tọ́jú di ọjọ́ 27, kí ẹ fi se ẹ̀wà nínú ìkòkò elétí pupa yẹn kan náà.