Irin Kò Gba Irọ́

 Wọ́n ní kí n kọ nǹkan fún oṣù Ògún. Èmi ò ní ìtàn ayé àtijọ́ láti sọ, ti bọ́ọ̀sì mi ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ mọ Hiace tí mo fi ń kó ata àti tòmátì láti Mile 12 lọ sí Ọ̀yìngbò. Òun náà ló máa ń gbé wa lọ síbi Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe ní 20 August. Lọ́dún tó kọjá, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ọjọ́ náà pé ni ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bí mo bá ń sáré, ariwo náà á ròkè. Bí mo bá dẹ ẹsẹ̀, á rọlẹ̀. Mẹkáníìkì ní kí n lọ ra odidi ẹ̀yìn tòkunbọ̀ ní Ladipo. Owó rẹ̀ ju agbára mi lọ. Mo sì ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì kí n tó di awakọ̀, mo ní n ó tún un ṣe ní ẹ̀yìnkùlé wa.

Mo fi obì bọ Ògún, obì yàn. A fi igi nípọn gbé ọkọ̀ dúró, nítorí jáàkì nìkan ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ọmọ mi ọkùnrin bá mi da ọ́ìlì jáde. Ìyẹ̀fun irin ń dán nínú rẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja. A fa ọ̀pá táyà méjèèjì síta, a tú ọ̀pá gígùn tó ti ara gíábọ́ọ̀sì wá, a sì gbé àpapọ̀ gíà inú rẹ̀ jáde.

Bíárìn mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Mo ra mẹ́ta tuntun. Ẹ̀kẹrin fún mọ́ ara gíà kékeré tí à ń pè ní píníọ̀n, ó di ẹ̀rọ ìtẹ̀ kó tó bọ́, ó sì wọ́n. Mo fọwọ́ yí i: ó ń yí, ó kàn ń họ díẹ̀ ni. Mo fọ̀ ọ́, mo dá a padà. Ìyàwó mi bi mí bóyá gbogbo rẹ̀ ni mo pààrọ̀. Mo ní, “Gbogbo rẹ̀ ni.”

Lálẹ́, mo lọ dúpẹ́ lójúbọ Ògún. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ní kóòtù, níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń gbé Bíbélì tàbí Kùránì, irin làwa fi ń búra. Mo fẹ́ sọ pé, “Ògún, mo parí iṣẹ́.” Ẹnu mi ò gbé e. Bí bíárìn yẹn bá bú lórí eré, ó lè há táyà ẹ̀yìn méjèèjì mọ́lẹ̀, ìyá mi àtàwọn ọmọ sì wà nínú ọkọ̀.

Mo jí ìyàwó mi, mo jẹ́wọ́. Ó wò mí títí. Ó ní, “Olówó orí mi, ṣé àwa lẹ fẹ́ fi bọ Ògún ni?”

Ilẹ̀ mọ́, mo tún gbogbo rẹ̀ tú. Mo yáwó ra bíárìn, mo gbé píníọ̀n lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀ ní Ketu. Nígbà tí mo ń tò ó padà, mo fi ọ̀dà díẹ̀ kun eyín gíà ńlá, mo yí i láti wo ibi tí eyín méjèèjì ti ń pàdé. Etí ni wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un tò kó tó bọ́ sáàárín. Àyè díẹ̀ gbọdọ̀ wà láàárín eyín: bó bá fún jù, á gbóná, bó bá tú jù, á máa gbá ara rẹ̀. Mo wá rọ ọ́ìlì gíà tuntun sí i.

Ọjọ́ méjì ni mi ò fi lè ná ọjà, gbèsè náà sì pẹ́ lọ́rùn mi. Ṣùgbọ́n ní 20 August, ọkọ̀ ò kùn mọ́.

Ẹ̀yin awakọ̀ ilé wa, ẹ bọ Ògún, kí ẹ sì ṣe iṣẹ́ yín pé. Bíárìn àtijọ́ yẹn ṣì wà lójúbọ. Ẹni tó bá wá kí mi lè wò ó.

Ògún á gbè wá o. Àṣẹ.