“Could” Ni “Ẹ” Wọn

Bí ẹ bá sọ fún ènìyàn pé ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè lẹ̀ ń kọ́ ní yunifásítì, ìbéèrè méjì ló máa tẹ̀ lé e. Àkọ́kọ́: èdè mélòó lẹ gbọ́? Èkejì: iṣẹ́ wo lẹ máa fi ṣe? Gbogbo wa ní ẹ̀ka yìí la ti gbọ́ méjèèjì sú. Ìdáhùn kan ṣoṣo tí mo ní sí ìkejì, inú ìyanṣẹ́lódì ASUU ọdún 2022 ni mo ti rí i, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì tí kò parí títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Ọdún kejì ni mo wà nígbà náà. Lẹ́yìn oṣù méjì tí mo ti ń sùn, tí mo ń jí, ọ̀rẹ́ bàbá mi kan bá mi wá iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Ìbàdàn tí wọ́n ti ń ta sólà, bátìrì àti ínfátà. Kí n máa tẹ orúkọ oníbàárà sínú kọ̀ǹpútà ni wọ́n gbà mí fún.

Ìyá Ìbejì ni gbogbo wa ń pe obìnrin tó jókòó sí iwájú, tó ń gbé fóònù, tó sì ń gba àlejò. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà lórí àga yẹn. Ọ̀gá tuntun wá dé. Ọmọ Yorùbá ni, àmọ́ London ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ó sì ní Gẹ̀ẹ́sì Ìyá Ìbejì kò bá ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ dàgbà mu. Ó tẹ ìwé ojú-ewé méjì fún un, gbólóhùn 24 ló wà níbẹ̀: “How may I help you?”, “May I ask who’s calling?”, “Could I put you on hold for a moment?”, “I’m afraid he’s in a meeting.” Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, òun fúnra rẹ̀ á dán an wò. Tí kò bá yege, sítọ́ọ̀ ló ń lọ, àti pé 8,000 náírà tí wọ́n ń fi kún owó oṣù rẹ̀ nítorí fóònù náà á lọ. Owó yẹn ló fi ń san kíláàsì ìrọ̀lẹ́ àwọn ìbejì tó wà ní JSS 2.

Ó pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, níbi tí mo ti ń jẹun.

“Ọ̀mọ̀wé, ìwọ tó ń kọ́ nípa èdè, wá bá mi wo nǹkan yìí.”

“Ẹ̀yin náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o, mà.”

“Èyí tí mo gbọ́ kọ́ ni wọ́n ń wá.”

Òótọ́ ló sọ. Gẹ̀ẹ́sì tó ti ń sọ láti ọdún mẹ́sàn-án ni Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà, tí a ń fi “I’m coming” sọ nígbà tí a ń jáde lọ, tí a ń fi “well done” kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, tí a sì ń sọ “sorry” fún ẹni tó kọsẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò sí nítòsí òkúta náà. Ẹ ti gbọ́ àwọn àpẹẹrẹ yìí ní kíláàsì tó, mi ò ní fi wọ́n dá yín lágara. Kódà, ìwé atúmọ̀-èdè Oxford ti gba “next tomorrow” àti “send-forth” wọlé láti oṣù Kìíní ọdún 2020. Àmọ́ ta ló fẹ́ lọ fi atúmọ̀-èdè han ọ̀gá tó ti mú ọjọ́ ìdánwò?

Ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ la pàdé “I’m afraid”. Ó wò mí: “Kí ni mò ń bẹ̀rù? Ṣé ọ̀gá tó wà nípàdé ni?” Mo ní kò sí ẹ̀rù kankan níbẹ̀, mà, “ẹ má bínú” ni, òun ni wọ́n máa ń fi ṣáájú ìròyìn tí kò dára. Ó rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà, a kò ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ mọ́. A mú bírò, a pín gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sí iṣẹ́ tó ń ṣe: èyí tó ń kí ènìyàn káàbọ̀, èyí tó ń ní kí ó dúró, èyí tó ń sọ pé kò sí, èyí tó ń béèrè orúkọ, èyí tó ń dágbére. Mẹ́rìnlélógún wá di ìdì márùn-ún péré, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀. Ó tó ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n tó kọ́ wa ní iṣẹ́ J. L. Austin, How to Do Things with Words, tó jáde ní 1962. Bí olùkọ́ ṣe ń ṣàlàyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mò ń rántí.

Ọ̀rọ̀ “could” ló gba àkókò jù. Kí ló dé tí a kò kàn lè sọ pé “Hold on, sir”? “Sir” ti wà níbẹ̀, ọ̀wọ̀ ti wà níbẹ̀. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé, kò yé èmi gan-an dáadáa. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó wá ní: “Ó ti yé mi. Àwọn kò ní ‘ẹ’. ‘You’ ni wọ́n ń pe ọmọ, ‘you’ ni wọ́n ń pe bàbá. ‘Could’ ni ‘ẹ’ wọn.”

Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà lójú ẹsẹ̀. Òun ló di iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí mò ń bá jà ní ọdún tí mo fẹ́ jáde yìí, àwọn tó wà ní yàrá kan náà pẹ̀lú mi sì ti gbọ́ nípa rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. (Gẹ̀ẹ́sì ti ní “ẹ” rí o. “Thou” ni wọ́n ń pe ẹnì kan, “you” sì ni wọ́n ń pe ọ̀pọ̀ ènìyàn tàbí ẹni tí wọ́n bá bọ̀wọ̀ fún. “Thou” ló kú. Èyí tó jẹ́ “ẹ” gan-an ló ṣẹ́kù fún wọn, wọ́n wá ń pe gbogbo ayé bẹ́ẹ̀ títí adùn rẹ̀ fi tán.)

Alábòójútó mi ní ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì dùn, àmọ́ kò pé. Brown àti Levinson, nínú ìwé wọn lórí ọ̀wọ̀ nínú ìlò-èdè tó jáde ní 1987, ní ohun mẹ́ta là ń wọ̀n kí a tó sọ̀rọ̀: agbára tí ẹni náà ní lórí wa, bí a ṣe jìnnà síra wa tó, àti bí ohun tí a ń béèrè ṣe wúwo tó. “Ẹ” ń tẹ̀ lé ènìyàn. Bí o bá ń bú àgbà pàápàá, “ẹ ò tiẹ̀ lójútì” lo máa sọ, “ẹ” kò ní kúrò níbẹ̀. “Could” lè tẹ̀ lé bí ẹ̀bẹ̀ náà ṣe wúwo tó, ọ̀gá lè sọ ọ́ fún ọmọ iṣẹ́, ìyá lè sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Yorùbá kan fi lè sọ “Bring it, sir” kó sì gbà lọ́kàn rẹ̀ pé òun ti dọ̀bálẹ̀, kí ọ̀gá tó dàgbà sí London sì gbọ́ àṣẹ. Kò sí ẹni tó yájú síra wọn níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti nọ́ńbà, nítorí ibẹ̀ ni owó wà. Lórí fóònù, “fifteen” àti “fifty” jọra bíi Táyé àti Kẹ́hìndé. Kí n tó débẹ̀, oníbàárà kan ti fẹ́ wáyà mítà 50, wọ́n gé mítà 15 fún un, wáyà náà ṣì ká jọ sí igun sítọ́ọ̀ nígbà tí mo dé. Gẹ̀ẹ́sì ń fi agbára ohùn ya méjèèjì sọ́tọ̀, ìparí “fifteen” ló wà, ìbẹ̀rẹ̀ “fifty” ló wà. Kọ́ńsónáǹtì tún wà ní ìparí “fifteen”. Sílébù Yorùbá kì í parí pẹ̀lú kọ́ńsónáǹtì, nítorí náà “n” yẹn á wọ inú fáwẹ́lì lọ, á di àránmú, nẹ́tíwọọ̀kì tó ń já á sì gbé ìyókù mì. Àti pé bí “metres” bá tẹ̀ lé “fifteen”, olóyìnbó pàápàá máa ń gbé agbára ohùn náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí èyí nínú gbólóhùn 24 náà. A fi kún un fúnra wa: “Is that one-five or five-zero, sir?” Ní Yorùbá ẹ̀wẹ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti àádọ́ta kò lè ṣi ara wọn láé.

Fún orúkọ, ọ̀gá fẹ́ Alfa, Bravo, Charlie, èyí tí àwọn awakọ̀ òfuurufú ń lò láti 1956. Ìyá Ìbejì gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, oníbàárà ní òun kì í ṣe Alfa, Kristẹni lòun. Ó padà sí tirẹ̀: A for Abẹ́òkúta, B for Bódìjà, I for Ìbàdàn.

Ní ọjọ́ ìdánwò, ọ̀gá pè láti inú mọ́tò rẹ̀ níta, ó ń ṣe bí oníbàárà. A ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ìyá Ìbejì gbé e: “Good morning, thank you for calling.” Ó ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, “I’m afraid” jáde láìsí ẹ̀rín, ó sì béèrè one-five àbí five-zero. Ó yege. Àga rẹ̀ àti 8,000 rẹ̀ kò lọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí màmá kan pè, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà àtijọ́, tó ń ta ẹja àti adìyẹ dídì. Ínfátà rẹ̀ ti kú láti òru, ẹja ti ń yọ́. Yorùbá ló fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá wà lẹ́yìn Ìyá Ìbejì gan-an, ó ń wá ìwé nínú kọ́bọ́ọ̀dù. “Good morning, ma. I’m afraid our technician is on site at the moment. Could I put you on hold?” Gbogbo rẹ̀ pé. Màmá náà dákẹ́, ó ní, “Ẹ má bínú o, mo ṣi nọ́ńbà pè,” ó sì gé e.

Ìyá Ìbejì lọ sí ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó fi káàdì ara rẹ̀ pè é padà. “Màmá, èmi ni o. Ẹ kú àárọ̀ mà, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìnáwó gáàsì jẹnẹrétọ̀. Ẹ má dá mi lóhùn, iṣẹ́ ni.” Ìrọ̀lẹ́ ni ẹni tó ń tún un ṣe tó débẹ̀. Apá kan nínú ẹja náà ti bàjẹ́.

Nígbà ìpàdé ọjọ́ Ẹtì, mo ní ó yẹ kí a ní ìwé Yorùbá náà. Ọ̀gá, kí n má parọ́ mọ́ ọn, kò bínú. Ó ní kí n lọ kọ ọ́. Gbólóhùn 12 ni mo kọ, ó sì le ju bí mo ṣe rò lọ. “May I ask who’s calling?” kò lè di “Ta ló ń sọ̀rọ̀?”, ìjà nìyẹn. Ìyá Ìbejì ló bá mi tún un ṣe: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, orúkọ wo ni kí n kọ sílẹ̀?” A tẹ̀ ẹ́, ó fi sábẹ́ gíláàsì tábìlì rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà, èdè tí oníbàárà bá fi wọlé ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Owó rẹ̀ kò yí padà.

A wọlé ní oṣù Kẹwàá, mo sì kúrò níbẹ̀. Ó ṣì máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Èyí tó dé lóṣù tó kọjá kò ju ìṣẹ́jú kan lọ: “Ọ̀mọ̀wé, ẹ kú ìwé o. Wọ́n ní ‘let’s circle back’. Kí ni wọ́n ń yí po? Ṣé ‘ẹ’ wà nínú èyí?”

Mo ní kò sí níbẹ̀ mà, ẹ bá wọn fi “please” sí i.